Ogún Inú Agolo

Agolo òróró ólífì kan, okùn ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ méjì, àti àpò àlìkámà kan tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n sá, tí wọ́n sì lọ̀ láì jẹ́ kó kúnná: ìyẹn ni ìpín aládùúgbò mi nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń fi í ránṣẹ́ láti abúlé wọn ní Tọ́kì, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ìkórè. Páálí náà a dé sí Corduff, àdúgbò wa ní Dublin, pẹ̀lú téèpù tí wọ́n wé mọ́ ọn yíká-yíká, bí ẹni pé wúrà ló wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi a bá a tú u, àwọn méjèèjì a tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná rẹ̀, èyí tí àwọn ìbejì mi ń pè ní "press" bí ọmọ Dublin gidi. Ó máa ń bu òróró díẹ̀ fún wa. Òróró náà dára. Ìdí tí wọ́n fi ń fi í ránṣẹ́ ni kò dára.

Ìgbà náà ni Ireland ń pe ara rẹ̀ ní Ẹkùn, nítorí owó tó ń ya wọlé. Gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì ń kọ́ ilé, ẹni tí kò kọ́lé ń ra ilé, ẹni tó ti ra ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ nípa èkejì. Mo ti ṣe akọ̀ròyìn ní Ìbàdàn fún ọdún méjìdínlógún kí n tó dé Dublin. Ní Dublin, mò ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwa àjèjì, èyí tí àwa àjèjì fi ń di ẹja. Kí n lè jẹun, mò ń wa ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù sókè ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ballycoolin.

Aládùúgbò mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kejì sí tiwa, níbi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀fọ́ sínú ọ̀rá fún àwọn ilé ìtajà ńlá. Opó ni, ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bá a pàdé níbi tí àwọn obìnrin ti ń kírun ní mọ́sáláṣí. Mò ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Abla ni mò ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Tọ́kì ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin, òun náà sì ń pè mí ní àbúrò lédè wọn. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Inú ti máa ń bí i kí ọkọ̀ tó gbóná.

"Èyí tí mo gé lánàá, wọ́n ní tòmátì ni," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Àbúrò, omi tó wọ aṣọ pupa ni. Kò rùn, kò kan, kò dùn. Bí mo bá gbé e fún ewúrẹ́ ìyá mi, á kàn máa wo ojú mi ni."

Níbi tó ti ń bú ẹ̀fọ́ wọn ni mo ti mọ abúlé rẹ̀. Ilé bí ogójì lórí gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ òkè, mọ́sáláṣí kan, ilé kọfí kan, kànga mẹ́ta. Wọ́n ń rí òkun láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Lójú tiwọn, òkun ni ibi tí ilẹ̀ ti tán. Àlìkámà ni wọ́n ń gbìn sí ìsàlẹ̀ níbi tí erùpẹ̀ ti nípọn, tábà sí àárín, igi ólífì sí òkè níbi tí òkúta ti pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ ń jẹ ohun tó kù.

Tábà ni iṣẹ́ àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n á já ewé rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, nítorí bí oòrùn bá ti kàn án, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gígùn sin ewé náà sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọjọ́ á fi lọ. "Ọwọ́ mi dúdú ju tìrẹ lọ nígbà yẹn," ó sọ fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín. "Bí o bá fi mú búrẹ́dì, búrẹ́dì á korò." Bí tábà bá gbẹ tán, ilé iṣẹ́ tó ń rà á á rán ọkùnrin kan wá láti ìlú ńlá. Wọ́n á pa àgùntàn fún un. Á jẹun tán, á fa ewé kan yọ láàárín ìdì, á gbóòórùn rẹ̀, á sọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló máa sọ: èyí dára, tàbí èyí ò dára. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni wọ́n máa jẹ títí di ọdún tó ń bọ̀.

"Ọkùnrin tí kò kúnlẹ̀ nínú oko rí," Abla wí. "Imú rẹ̀ ló ń bọ́ wa."

Ní ti ólífì, ọkùnrin ló ń fi ọ̀pá na igi, obìnrin ló ń kúnlẹ̀ ṣà á nílẹ̀. Owó ọ̀yà ẹni tó ń na igi sì ju ti ẹni tó ń ṣà á lọ. Mo bi í pé kí ló fà á.

"Wọ́n ní ẹni tó na igi ló ṣiṣẹ́. Ẹni tó kúnlẹ̀, ó ń sinmi ni."

"Bí wọ́n bá na igi tán ńkọ́, kí ni àwọn ọkùnrin ń ṣe?"

"Wọ́n á lọ sí ilé kọfí."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń ṣọ́ tábìlì kó má baà sá lọ."

Ní ilé kọfí yẹn ni wọ́n ti ń pín ayé. Nígbà tí bàbá Abla kú, ilẹ̀ rẹ̀ di ti ẹ̀gbọ́n Abla. Kì í ṣe pé ó rà á, kì í ṣe pé bàbá wọn fi lé e lọ́wọ́. Àṣà wọn ni pé ọmọbìnrin kì í gba ilẹ̀. Òfin ìjọba wọn ní kó gbà á, Kùránì pín in fún un ní gbangba, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó bá béèrè, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Èyí tí kò bá béèrè, wọ́n á máa fi agolo òróró ránṣẹ́ sí i. Ní ọjọ́ ogójì òkú, wọ́n pe Abla sí yàrá àlejò. Ìmáàmù wà níbẹ̀, olórí abúlé wà níbẹ̀.

"Wọ́n bi mí pé, ṣé o yọ̀ǹda fún ẹ̀gbọ́n rẹ? Mo ní mo yọ̀ǹda. Gbogbo wọn ní, ọmọ rere. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé tíì wá."

"Ìmáàmù ò sọ nǹkan kan?"

"Ó ní ṣúgà inú tíì náà ò tó."

Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù Ìbàdàn, mo sì bi í léèrè ohun tí iṣẹ́ wa kọ́ mi láti máa béèrè. "Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Kọ kí ni sílẹ̀?"

"Pé ẹ yọ̀ǹda."

Ó wò mí bí ẹni wo òpè. "Àbúrò, ta ló ń kọ irú ìyẹn sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ ni. Gbogbo abúlé gbọ́ ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ogún ọkùnrin, pẹ̀lú irùngbọ̀n àti tẹ̀sùbáà, fi ẹnu gba ilẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin, kò sì sí èyí tó rin ìrìn ààbọ̀ ọjọ́ lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ láti yí orúkọ padà. Nínú ìwé ìjọba, òkú ló ṣì ni oko náà, àwọn ajogún rẹ̀ sì pé lábẹ́ òfin: ìyàwó rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gé tòmátì ní Ballycoolin.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, páálí dé nígbà tí kò yẹ kó dé, nígbà tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé. Agolo méjì ló wà nínú rẹ̀ dípò ọ̀kan, ìbòrí sílíìkì kan, àti ìwé. Abla gbé ìwé náà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó fà á yọ nínú báàgì oúnjẹ rẹ̀ nígbà tí a dúró níbi iná pupa. Wọ́n fẹ́ kó lọ sí ilé aṣojú ìjọba wọn ní Dublin, kó fọwọ́ sí i níwájú òṣìṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun lè ta ìpín òun.

"Ìpín wo?" mo ní. "Ṣebí ẹ ti yọ̀ǹda?"

"Èmi náà bi í bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ó ní àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà, ọlọ́jà ńlá ni wọ́n, wọn ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu."

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi jẹ ilẹ̀ yẹn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìgbà tó fẹ́ gbé e fún àjèjì ló rántí pé àbúrò òun ní ọwọ́ tó lè mú kálàmù.

Ìyá wọn ṣì wà níbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń sin ewúrẹ́ mọ́kànlá, ó sì ń ṣà ólífì nínú oko yẹn gan-an. Bí Abla bá fọwọ́ sí ìwé náà, ìyá rẹ̀ ò ní ilẹ̀ tí yóò tẹ̀ mọ́. Bí kò bá fọwọ́ sí i, òun ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ nínú báàgì kan náà pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìpolówó kan gba odindi ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn wa. Ilé funfun, òkun búlúù, àti orúkọ abúlé Abla, tí wọ́n so ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan mọ́ nídìí kó lè dà bí ibi tí olówó ń gbé. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i wá wò ó ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Tallaght, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Mo fi han Abla. Ó ní, "Gbé mi lọ."

Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó dára jù, ìbòrí sílíìkì tuntun yẹn ló sì so. Gbọ̀ngàn náà kún. Wọ́n ń gbé wáìnì àti wàràkàṣì kiri. Lórí tábìlì kan ní àárín, wọ́n fi ike kọ́ abúlé kékeré kan sínú gíláàsì: ilé funfun kéékèèké tó jọra bí eyín, ibi ìwẹ̀ ńlá kan tó búlúù ju ojú ọ̀run lọ, àti igi tí kò ju ìka lọ. Abla yí i po lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ ibi tí ojú òkun wà. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan gíláàsì.

"Oko bàbá mi nìyí."

Ibi ìwẹ̀ náà ni.

"Ilé ìyá mi ńkọ́?" Ó tún gbé ìka náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ibi tó kàn, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n kọ sí i.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọkùnrin ará Dublin kan tó ń wa takisí ń bá obìnrin kan tó ń ṣe irun fún èèyàn sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

"Mo ti ní ọ̀kan ní Bulgaria," ọkùnrin náà ní.

"Ṣé ó dára?"

"Grand ni, wọ́n ní. Mi ò tíì débẹ̀."

"Èyí ńkọ́, ìlú wo ni?"

"Tọ́kì. Àbí Gíríìsì. Oòrùn kan náà ni."

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹnìkan gbá mi léjìká. Àlàájì kan ni, àgbà nínú mọ́sáláṣí wa, tó ń jókòó sí ìlà iwájú lójoojúmọ́.

"Akọ̀ròyìn! Ìwọ náà wá mú tìrẹ?"

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Mo kàn wá wò ó ni."

"Ò ń wo kí ni? Àwọn tó ń wò ni wọ́n máa ń kú sí ilé àyágbé. Mo ti mú méjì."

"Ẹ ti débẹ̀, sà?"

"Dé ibo?"

"Ibi tí ilẹ̀ náà wà."

"Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Òyìnbó ló ń tà á. Òyìnbó kì í ṣe ọmọ onílẹ̀."

Ọkùnrin kan náà yìí ló máa ń sọ fún wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ bí àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe ta ilẹ̀ kan náà fún òun àti ẹni mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn Ìkòròdú, bí wọ́n ṣe wó fẹ́ǹsì òun, bí wọ́n ṣe fi àdá lé òun dé títì. Ó sá fún ọmọ onílẹ̀ láti Ìkòròdú dé Tallaght. Ó bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n wọ kóòtù, tí wọ́n so táì mọ́ ọrùn, ó sì ń kí wọn kú iṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn oníkóòtù náà dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ní ẹnu ṣóńṣó.

"Abúlé tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń fi ilẹ̀ náà ṣe nǹkan kan."

"Mo mọ ẹni tó ń fi í ṣe nǹkan," Abla ní.

"Àwọn arúgbó mélòó kan wà, lóòótọ́. Wọn ò ní kúrò. Àwọn oníbàárà wa fẹ́ràn kí wọ́n máa rí wọn." Ó ṣí ìwé dídán ọwọ́ rẹ̀. Àwòrán kan wà nínú rẹ̀: obìnrin arúgbó kan lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ igi ólífì, ìbòrí funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàtà rọ́bà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ pé kí á wá jẹ ìgbádùn ayé tó rọrùn.

"Ìyá mi nìyẹn," Abla ní.

"Áà, ó dára o!" ọmọ náà ní. "Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń sọ ìtàn."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ yà. Ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀."

Mo bi ọmọ náà bóyá wọ́n ti ra ilẹ̀ náà tán kí wọ́n tó máa ta ilé orí rẹ̀. Ó ní ó ti parí, àfi ìwé kan péré. Mo ní ìwé wo. Ó ní, "Nǹkan kékeré. Obìnrin kan nínú ẹbí tó ń gbé òkè òkun. Ìfọwọ́sí lásán ni."

Èmi àti Abla ò wo ara wa. Ó mú wàràkàṣì kan nínú àwo tó ń kọjá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ fún olóòtú wa, ọmọ Ireland kan tó fẹ́ràn àjèjì gidigidi títí wọ́n á fi la ẹnu sọ̀rọ̀. Ó kà á tán, ó ní, "Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ti san owó ìpolówó oṣù mẹ́ta. Ṣé o ò lè kọ nǹkan nípa oúnjẹ wọn dípò rẹ̀?" Mo kọ ọ́. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fún òróró ólífì, mo sì gba owó rẹ̀. Nítorí náà kí n má di gbogbo ẹ̀bi ru olóòtú nìkan.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n Abla pè. Èmi àti ìyàwó mi wà ní ìdáná rẹ̀. Ó tẹ fóònù kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn náà, ohùn ńlá kan tó ń pariwo bí ẹni tó wà lórí òkè kejì, ó sì ń túmọ̀ fún wa lẹ́sẹẹsẹ bí akọ̀wé kóòtù.

"Ó ní kí ló ń pẹ́ mi. Ó ní mo ti di òyìnbó. Ó ní òun fi agolo méjì ránṣẹ́."

"Ẹ ní kó wá kó o padà," ìyàwó mi ní.

"Ó ní ìyá máa gbé ilé tuntun ní ìlú, àjà kẹrin, omi gbígbóná nínú ògiri. Ó ní ohun tí ìyá fẹ́ nìyẹn. Ó ní ìyá ti tẹ̀ka."

"Ẹ bi ìyá fúnra wọn," mo ní.

Ọkùnrin náà ò fẹ́. Wọ́n fà á díẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn tínrín kan dé. Abla bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láì túmọ̀ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé ojú.

"Kí ni wọ́n sọ?" ìyàwó mi bi í.

"Ó bi mí bóyá òjò ń rọ̀ níbí. Mo ní kì í dá. Ó ní ìyẹn dára fún koríko."

"Ilé tuntun ńkọ́?"

"Ó ní wọ́n sọ fún òun pé àpótí kan wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sókè. Ó ní kí n bá òun béèrè bóyá á gba ewúrẹ́ mọ́kànlá." Ó nu ojú rẹ̀. "Ìwé tó tẹ̀ka sí, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ti owó arúgbó ni."

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó pe ìwé náà ní "yoke", bí ọmọ Dublin ṣe ń pe ohunkóhun. "So is she signing the yoke or what?"

"Jáde níbí," ìyá rẹ̀ ní. "Ọ̀rọ̀ àgbà ni."

Ẹ̀gbọ́n ti gba fóònù padà. Ó sọ̀rọ̀ gùn, Abla dá a lóhùn ní kúkúrú.

"Ó ní obìnrin tó bá di ilẹ̀ mú mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ á máa rùn ní ilé kọfí."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní ilé kọfí ti ń rùn kí wọ́n tó bí mi."

A rẹ́rìn-ín, èmi àti ìyàwó mi. Òun ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fóònù ti kú, ó jókòó, ó ń fi èékánná ha tábìlì. "Ó rọrùn fún yín láti rẹ́rìn-ín," ó ní. "Bí ìyá bá lọ, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù tó mọ̀ mí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ọkọ mi sí. Bí mo bá kú sí Dublin yìí, tí wọ́n gbé mi délé, ta ló máa wà níbẹ̀ láti gbà mí?"

Ìyàwó mi gbé omi tíì kaná. Mo ti ń rò ó lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ méjì pé kó má fọwọ́ sí i, nítorí ó máa jẹ́ ìròyìn tó dùn. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i pé èmi kọ́ ni mo máa san gbèsè rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo gba ìsinmi, mo sì gbé e lọ sí ilé aṣojú ìjọba wọn. Kò sọ fún mi ohun tó fẹ́ ṣe, mi ò sì bi í. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn gíláàsì, irun rẹ̀ ń dán. Bí Abla ṣe la ẹnu, ojú ọmọ náà yí padà. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ohùn tí ará ìlú ńlá fi ń bá ará oko sọ̀rọ̀, ọ̀kan náà ni níbi gbogbo láyé. Mo ti gbọ́ ọ ní Dùgbẹ̀, mo ti gbọ́ ọ ní Dublin. Ó ti ìwé sí i, ó fi kálàmù tọ́ka sí ibi tí yóò kọ orúkọ sí, ó sì yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Abla ò mú kálàmù. Ó bi í ní nǹkan kan. Ọmọ náà dáhùn láì wojú rẹ̀. Abla tún sọ gbólóhùn kan, ọmọ náà wá gbójú sókè.

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. "Mo bi í pé, bí mi ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́? Ó ní, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Mo ní, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́."

Lẹ́yìn èyí ó ní kó kọ ìwé mìíràn fún òun, èyí tí òun máa fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ fúnra òun: pé òun ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ta ìpín òun níwọ̀n ìgbà tí ìyá òun bá wà láàyè. Ọmọ náà kùn, ó ní wọ́n ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn fún oúnjẹ ọ̀sán. Abla ní òun ti dúró fún ọdún mẹ́rìnlá, oúnjẹ rẹ̀ lè dúró díẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lu òǹtẹ̀. Èyí ni ó fọwọ́ sí, ó kọ orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì.

Lórí pèpéle níta, nínú afẹ́fẹ́, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ó yọ fóònù kúrò létí, ó wò ó.

"Ó ní òun ò ní àbúrò mọ́."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́."

Ó pẹ́ kó tó rí ìgbànú ọkọ̀ dè.

Kò pé oṣù mélòó kan tí àwọn oníkóòtù náà fi gbé gíláàsì wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ilé funfun kan náà, ibi ìwẹ̀ kan náà, orúkọ abúlé mìíràn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gbé Àlàájì àti méjì rẹ̀ síbẹ̀ láì bi í, ó sì sọ fún wa ní mọ́sáláṣí pé ibi tuntun náà tilẹ̀ sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò débẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n Abla mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ní gbogbo ọdún tí mo tún lò ní Corduff, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìdáná yẹn mọ́. Ìyá ló ń pè, lọ́jọ́ Jímọ̀, láti ilé aládùúgbò kan ní ìsàlẹ̀ òkè, nítorí ọmọ rẹ̀ ò jẹ́ kó fi fóònù tilé pe ọmọ tó di ilẹ̀ mú. Ó ń sọ gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ náà kalẹ̀, ó sì ń gùn ún padà, lọ́jọ́ orí rẹ̀. Abla pààrọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó lè wà nílé ní ọ̀sán Jímọ̀. Á gbé àga sídìí fóònù láti aago méjì, á sì jókòó. Lọ́jọ́ tí ìpè náà bá pẹ́, á máa ka ìṣẹ́jú tí ìyá rẹ̀ fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ìyàwó mi á lọ jókòó tì í, títí fóònù á fi dún.